Okùn Tí Wọ́n Fi De Oyún Mórounkẹ́

Ẹ sún mọ́ ara yín, ẹ̀yin tí ẹ gbé ìbọn tí kò yìn mọ́ wá sí ìsọ̀ Ògúnrìndé lónìí. Alágbẹ̀dẹ kò ní tètè ṣe tán, iná rẹ̀ kò tíì jó dáadáa, ẹ sì ti ń wojú mi láti àárọ̀ pé kí n sọ̀rọ̀. Ó dáa, n ó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀ báyìí. Ẹni tí oorun ń kùn, kó kúrò níwájú mi, torí tí mo bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń hanrun nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀pá ọwọ́ mi ni yóò jí i.

Èmi ni Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Ọdẹ́wùmí, ará Agbọ́ndò. Èmi ni mo jókòó lé orí ẹfọ̀n tí ẹ̀mí rẹ̀ kò tíì bọ́ tán, tí mo ń mu tábà. Èmi ni mo bú iwin kan nínú igbó títí iwin náà fi lọ fẹjọ́ mi sun ìyá rẹ̀. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, torí ẹ̀rín kò pọ̀ níwájú. Ìgbà gbogbo lẹ máa ń ní kí n sọ ti Elétí-Ọgbọ̀n àti ti ìlú tí àwọn ọkùnrin ti ń lóyún. Tí mo bá sì ti sọ ọ́ débẹ̀, ẹ ó dìde, ẹ ó gbọn aṣọ yín, ẹ ó máa lọ sílé yín. Lónìí, n ó sọ ọ́ dópin.

Ìyàwó mi ń jẹ́ Mórounkẹ́. Àwọn àgbà tó wà níhìn-ín mọ̀ ọ́n. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, tó máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín, tó sì máa ń fi àgbàdo sísun pamọ́ fún mi sábẹ́ igbá títí n ó fi ti oko ọdẹ dé. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí, torí mo rò pé ẹran tí mò ń gbé wálé ti ń bá mi sọ ọ́. Oyún mẹ́ta ló bàjẹ́ lára rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tó fẹ́ra kù lẹ́ẹ̀kẹrin, ìyá mi, Ẹ̀fúntọ́lá, ní òun kò ní káwọ́ lẹ́rán máa wò ó. Ó de oyún náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ̀ ọ́n. Òwú dúdú ni. Wọn a ta á ní kókó méje, wọn a sọ̀rọ̀ sí i, wọn a fi í pamọ́ síbi tí oòrùn kò dé, kí oyún má baà wálẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Tí ìkúnlẹ̀ bá sún mọ́lé, ẹni tó dè é ni yóò tú u. Wọ́n ní tí kò bá tú u, ọmọ kò ní rí ọ̀nà jáde. Bí a ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn bàbá wa nìyẹn. Nínú agbo ilé wa, ọ̀rọ̀ oyún tún jẹ́ ti ìyá ọkọ àti ìyàwó nìkan. Ọkọ kò gbọdọ̀ ka oṣù, kò sì gbọdọ̀ bèèrè ibi tó ń dun obìnrin. Tó bá bèèrè, wọ́n á ní ojú ń kán an.

Oyún náà dúró. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a ń kó iṣu tuntun wọlé, ibà gbé ìyá mi dálẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ kẹrin ó kú, kò sì sọ fún ọ̀kankan nínú àwa ọkùnrin ibi tó fi òwú náà sí. Kò tíì pé oṣù kan tí a sin ín tí ojú Mórounkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Ojú rẹ̀ wú, ọwọ́ rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé bí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, kò sì ní tètè kún. Bàtà rọ́bà mi ló ń wọ̀ torí tirẹ̀ kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ní orí ń fọ́ òun. Ó ní nǹkan ń tàn lójú òun bí iná tó ń ta jáde lára irin tí Ògúnrìndé ń lù yìí. Nọ́ọ̀sì Dọ́káàsì, tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá wo àwọn aláboyún Agbọ́ndò, so aṣọ mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà.

Ó ní, "Ọkọ Mórounkẹ́, ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín ti ru sókè jù. Ẹ má jẹ́ kó sun ilé lónìí. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, wọ́n lè ní láti gbé ọmọ náà jáde. Tí ẹ bá dúró, gìrì á mú un."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kò yé mi. Ara mi le nígbà yẹn, mo lè gbé e pọ̀n kí n sì fẹsẹ̀ rìn dé ọsibítù kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ fi tó Bàbá Ọdẹ́yalé létí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí wa.

Bàbá Ọdẹ́yalé pe ìpàdé. Ọkùnrin mọ́kànlá jókòó lórí ẹní. Bàbá ní, "Oyún tí a dè tí a kò tíì tú, tí ọ̀bẹ bá fi kàn án, ìyá á lọ, ọmọ á lọ. Ẹ wá òwú náà jáde ná." A tú yàrá ìyá mi. A wo abẹ́ ẹní, a wo inú ìkòkò, a tú koríko òrùlé wò, a kò rí nǹkan kan. Mórounkẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ní gbogbo àkókò yìí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

Bàbá Ọdẹ́yalé ní, "Dákẹ́ ná, ìyàwó. Ọ̀rọ̀ rẹ là ń sọ."

Èmi náà ṣẹ́jú sí i pé kó má dójú tì mí láàárín ẹbí. Ó dákẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti dìde, tí mo fọwọ́ lu àyà. Mo ní bí ìyá mi bá lọ sọ́run, ọ̀run kò jìnnà jù fún ọmọ Ọdẹ́wùmí, n ó tọ̀ ọ́ lọ, n ó sì bi í léèrè ibi tó fi òwú sí. Ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ nínú yín, kó nawọ́. N kò rí ọwọ́ o. Ẹbí yìn mí, wọ́n ń kì mí. Ilẹ̀ mọ́, mo wọ ẹ̀wù ọdẹ, mo gbé ìbọn, mo di àádùn sápò. Mórounkẹ́ di ògiri mú, ó sìn mí dé ìdí ìgànnà.

Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ n sọ fún yín kí ẹ tó lọ."

Mo ní, "Tí mo bá dé."

Kí ẹ má bi mí léèrè ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, orí mi ti gbàgbé. Mo ṣáà wọ igbó kan tí ewé rẹ̀ ń já lọ sókè dípò kó já sílẹ̀, ibẹ̀ ni Elétí-Ọgbọ̀n ti dìde sí mi. Kò lójú, kò nímú, kò lẹ́nu. Etí ni gbogbo ara rẹ̀: etí lórí, etí láyà, etí ní orúnkún, ọgbọ̀n géérégé, mo kà wọ́n nígbà tí a ń jìjàkadì. Ó gbé mi, mo gbé e. Ó fi mí gbo igi. Mo pe ọfọ̀ tí bàbá mi kọ́ mi, ọfọ̀ gba etí kan wọlé, ó gba òmíràn jáde. Mo yìnbọn fún un, ó kàn gbọ́ ọ ni. Ìgbà tó rẹ̀ mí, mo ká etí kan mọ́ ọn ní àtẹ́lẹsẹ̀, mo gbẹ́nu sí i, mo ń pariwo orúkọ ara mi sínú rẹ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ló bá ṣubú lulẹ̀ gbìì! Bí ọdẹ ti ń ṣẹ́gun iwin nìyẹn, ẹ̀yin tó jẹ́ pé ọ̀yà lásán ló ń lé yín wálé.

Ohùn jáde látinú gbogbo etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Ọdẹ, o lágbára. N ó jẹ́ kí o kọjá bí o bá dá mi lóhùn. Ta ló wà nínú ilé tí gbogbo ilé ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Ìyẹn mà rọrùn o. Òkú ni."

Àwọn etí rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Kò tíì rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí o kúrò nílé. Ṣùgbọ́n máa lọ. Bí o bá ṣe ń lọ sí i ni ìdáhùn rẹ á máa tọ̀nà sí i."

Èmi ọ̀dẹ̀, mo rò pé ó ń yìn mí ni. Mo gbọn ẹ̀wù mi, mo kọjá.

Ó wá ku ìlú tí ẹ fẹ́ràn. Akọ-Aboyún ni wọ́n ń pe ìlú náà. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé oyún, wọ́n fi irùngbọ̀n gígùn bo ikùn ńlá, wọ́n ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn obìnrin wọn wà lábẹ́ igi ọdán, wọ́n ń mu tábà, wọ́n ń ṣèpàdé. Wọ́n mú mi lẹ́nu ibodè. Ìyálóde wọn, obìnrin kan tí ọrùn rẹ̀ gùn ju apá mi lọ, fi ìka kan mi nídodo, ikùn mi sì yọ síta gbàǹgbà. Ẹ rẹ́rìn-ín o! Èmi tí mo jókòó lé ẹfọ̀n, n kò lè dá dìde lórí ẹní. Èébì gbé mi, ẹ̀yìn ń ro mí, nǹkan tó wà níkùn mi ń ta mí nípàá, n kò sì lè ta á padà. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí ní gbogbo ìgbà. Mo fi ìka tẹ ẹsẹ̀ mi, ó jìn.

Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń jẹ́ Pẹ̀lẹ́. Oyún tirẹ̀ ti gbó. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àlejò, nǹkan ń tàn lójú mi." Àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ ọdán ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀. Àwọn kan ní àgbo ilé ìyá rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ mu, àwọn kan ní ti ilé bàbá rẹ̀ ni. Pẹ̀lẹ́ gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀mí mi ń lọ o."

Ìyálóde ní, "Dákẹ́ ná. Ọ̀rọ̀ rẹ là ń sọ."

Ó ṣe mí bí ẹni pé mo ti gbọ́ ọ níbì kan rí. Mo ronú, n kò rántí ibi tó jẹ́. Gìrì mú Pẹ̀lẹ́ níbi tó sùn sí, eyín rẹ̀ pàdé, ojú rẹ̀ yí sókè, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mo ń pe àwọn obìnrin. Ó kú lórí itan mi. Wọ́n sì tún jiyàn fún ìgbà díẹ̀ lórí àgbo tó yẹ kó mu, kí ọ̀kan nínú wọn tó bojú wẹ̀yìn.

Ẹ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìyálóde wá bá mi. Ó ní, "Ó kàn ẹ́. Kí ni ìyàwó rẹ jẹ láàárọ̀ tí o kúrò nílé?" N kò mọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ wo ló fi ń sùn láti ìgbà tí ikùn rẹ̀ ti tóbi?" N kò mọ̀. Ó ní, "Kí ló fẹ́ sọ fún ẹ nígbà tí o ń jáde?" N kò mọ ìyẹn náà. Ìyálóde mi orí, ó fi ìka kan mi nídodo, ikùn náà sì wọlé padà. Ó sọ fún àwọn tó kù pé, "Irú èyí kò lè bímọ. Ẹ jẹ́ kó máa lọ." Mo sáré jáde níbẹ̀, inú mi sì ń dùn. Mo ń sọ fún ara mi pé mo ti fi ọgbọ́n bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ wò ó bí orí ṣe kún fún omi tó.

Mo la odò kan tí kò lómi kọjá, mo sì dé ìlú àwọn òkú. Ìlú tó dákẹ́ ni, olúkúlùkù jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ tí kò parí kó tó kú. Mo bá ìyá mi níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ó ní, "Ọdẹ́gbàmí! Kí lo wá ṣe níbí? Ṣé o ti kú ni?"

Mo ní, "N kò kú, Ìyá. Okùn ni mo bá wá. Níbo lẹ fi okùn tí ẹ fi de oyún Mórounkẹ́ sí? Ara rẹ̀ kò yá, a ò sì lè gbé e lọ sọ́sibítù láìtíì tú u."

Ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Ó ní, "Okùn wo? Mo ti tú u. Àárọ̀ ọjọ́ tí ibà mú mi, mo rí i pé ara mi kò fẹ́ gba ìyà yìí, mo pe ìyàwó rẹ sí ẹ̀yìnkùlé, àwa méjèèjì la jọ tú u. Òun ló di ìdí òwú mú. Kókó méjèèje la tú. Mo ní kó mú òwú náà lọ́wọ́. Ṣé kò sọ fún yín ni?"

Mo ń ṣa ẹ̀gúsí tó dà sílẹ̀.

"Ọdẹ́gbàmí, ṣé ẹ bi í?"

Mo ní, "Ìyá, a ṣèpàdé."

Ìyá mi wò mí. Gbogbo ayé mi, kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Ó ti ń gbìyànjú àtisọ ọ́, àbí?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó súre fún mi, n ó sáré, ẹsẹ̀ mi yá, mo lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú, n ó gbé e pọ̀n dé ọsibítù, n kò ní dúró lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo ti ń yí padà láti lọ. Ìyá mi di ẹ̀wù mi mú, ó ń wo ojú ọ̀nà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé máa ń gbà wọlé. Ó ní, "Má sáré mọ́, ọmọ mi."

Mórounkẹ́ ló ń bọ̀. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó fi ọwọ́ kan gbé ikùn rẹ̀ dání. Ojú rẹ̀ kò wú mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú mọ́. Bàtà rọ́bà mi ló mú lọ́wọ́ kejì. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó ní, "Ẹ kú ilé, Ìyá." Ó wá kọjú sí mi, kò sì bínú. Ìbá bínú, ìbá san fún mi.

Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ ti délẹ̀ yìí? Ẹ gba bàtà yín, ó ti tóbi jù fún mi." Mo gbà á. Ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ni pé a ti tú u."

Mo ní, "Ọmọ náà ńkọ́?"

Ó ní, "Ó ń sùn."

Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, afẹ́fẹ́ ni mo bá. Ó jókòó ti ìyá mi, ó fa àwo ẹ̀gúsí mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Àwọn òkú ìlú náà sì lé mi jáde, torí ẹni tó wà láàyè kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí mo délé, wọ́n ti sin ín. Àwọn aládùúgbò ló sọ fún mi. Gìrì mú un lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ kejì tí mo lọ. Nọ́ọ̀sì Dọ́káàsì gbé mọ́tò wá, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń sunkún. Àwọn ọkùnrin ẹbí wa dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ọkọ rẹ̀ kò sí nílé, àwọn kò lè fún un láṣẹ. Ẹ gbọ́ o. Ìrìn-àjò tí ẹ ń yìn mí lé lórí yìí ló dí ilẹ̀kùn náà. Mo wọ ilé ìdáná, mo ṣí igbá tó máa ń fi àgbàdo pamọ́ sí fún mi. Àgbàdo kan wà níbẹ̀, ó ti gan. Òwú dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbọọrọ, kò ní kókó kankan. Ó fi í síbi tó mọ̀ pé ọwọ́ mi á dé. Òun nìyí ní ọrùn ọwọ́ mi. N kò fẹ́ ìyàwó mìíràn, n kò sì bímọ. Ibi tí ìtàn náà parí sí nìyẹn, tí ẹ kì í fẹ́ dúró gbọ́.

Kí lo wí, Látúnjí? Sọ ọ́ sókè, kí gbogbo wọn gbọ́.

O ní kí n yá ẹ ní òwú yìí? O ní ìyàwó rẹ lóyún oṣù mẹ́jọ, orí ń fọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, àwọn bàbá rẹ sì ní kẹ́ ẹ dúró títí di ọjọ́ ìpàdé ẹbí? Ọlọ́run mi o. Látúnjí, láti àárọ̀ lo ti jókòó síbí! Kí ni òun fúnra rẹ̀ sọ? O kò tíì bi í. Ọmọ yìí, n kò ní okùn kankan tí n ó yá ẹ. Ìbọn rẹ kò ní sá lọ, Ògúnrìndé á tọ́jú ẹ̀. Dìde. Lọ sílé nísinsìnyí, bi í ní ọ̀rọ̀, kí o gbọ́ ohun tó bá wí, kí o sì gbé e lọ. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, dìde.

Ẹ wò ó, ó ti dìde. Ẹ yà fún un, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Rárá o. Kò lọ. Àpótí ìjókòó rẹ̀ ló ń sún sí ibòòji.